Lẹ́tà Tí Kò Dé Ayọ̀bọ̀

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wa kọ́kọ́ kú sójú títì. Àwa méjì la dáwó rà á, àwa tá a jọ ń gbé ilé kan ní Ayọ̀bọ̀, tá a sì jọ ń fi kọ̀ǹpútà wá oúnjẹ òòjọ́. À ń bọ̀ láti Ìpájà, a ò tíì dé Mẹ̀gídá, ni ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́ lójijì, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Tírélà kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn ti mọ bí ọkàn wa ṣe rí. Ìgbà tó ṣe díẹ̀, a tún yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dáhùn, a wà á délé. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Mẹkáníìkì mẹ́ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni wọ́n sọ: "Brain box yín ló ń kú lọ."

Àpótí pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ń sọ, kò fẹ̀ ju ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé ìwé lọ, wáyà rẹpẹtẹ ló sì wọ inú rẹ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ń pè é ní engine control module. Ní Ládípò àti ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó wà ní Alímọ̀ṣọ́, brain box ni, ọpọlọ ọkọ̀. Àpótí yìí ló ń pinnu iye epo tí nọ́sùlù máa tú sínú ẹ́ńjìnnì, òun náà ló ń sọ ìgbà tí púlọ́ọ̀gì máa ṣáná. Bí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin bá ń yí nígbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣáná nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí àpótí náà bá ṣẹ́jú, mọ́tò á dúró.

Àwa tá a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, inú wa kọ́kọ́ dùn pé irú iṣẹ́ tiwa náà wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà la wá bi ara wa: ìgbà wo gan-an ni ọkọ̀ ní ọpọlọ, báwo ló sì ṣe dé Ayọ̀bọ̀?

Ẹ jẹ́ ká padà sí 1975. Ọdún yẹn ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ọdún yẹn kan náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Beetle tí àwọn bàbá wa ń pè ní ìjàpá, àti 504 tí àwọn ọ̀gá ìjọba ń gùn, kábúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Kábúrétọ̀ ò ní ọpọlọ. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ló ń fa epo gba ihò kékeré kan, bí èèyàn ṣe ń fi sítírọ́ọ̀ fa ohun mímu. Ẹni tó bá ní sukurúdiráífà lè yí i kí epo pọ̀ sí i tàbí kó dín kù. Ohun tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì náà, èèyàn lè ṣí ìdérí rẹ̀ kó fojú ara rẹ̀ rí ibi tí irin méjì ti ń fẹnu kora.

Ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì ìgbà yẹn fi lè fi etí àti imú ṣiṣẹ́. Á tú púlọ́ọ̀gì, á wo ẹnu rẹ̀: bó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù, bó bá funfun, epo kò tó, bó bá pọ́n bí ara bisikíìtì, ó dáa. Ọmọ iṣẹ́ á lo ọdún mélòó kan lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, wọ́n á sì ṣe fírídọ̀mù fún un. Lọ́jọ́ náà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan nínú ọkọ̀ tó fara pa mọ́ fún un. A kì í ronú sí èyí dáadáa nígbà tá a bá ń bú mẹkáníìkì òde òní. Gbogbo ìmọ̀ ọkọ̀ náà ló bá ọkọ̀ náà dé. Ó wà lára irin.

Ẹ gbà wá láyè ká sáré dé ìlú òkèèrè, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọpọlọ ti bẹ̀rẹ̀. Èéfín ọkọ̀ ló fà á. Ní Los Angeles, ojú ọ̀run á ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, ojú á máa ta àwọn èèyàn. Ní 1970, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ tó le koko. Láti ọkọ̀ ọdún 1975 lọ, púpọ̀ nínú ọkọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ní catalytic converter, agolo kan tó wà lójú páìpù èéfín, tó ń sọ májèlé inú èéfín di ohun tó rọjú. Agolo yìí le láti tẹ́ lọ́rùn. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá jó nǹkan bí kílò 14.7 afẹ́fẹ́ pẹ̀lú kílò epo kan, kò lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ pé. Kábúrétọ̀ kò lè di ìwọ̀n yẹn mú lórí òkè, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, nínú oòrùn àti nínú otútù. Ó di dandan kí ẹnì kan jókòó ti èéfín, kó máa tọ́ ọ wò, kó máa sọ pé "fi epo kún un" tàbí "dín in kù", láìsinmi.

Bosch, ilé iṣẹ́ àwọn ará Jámánì, ló ṣe sẹ́ńsọ̀ tó ń tọ́ èéfín wò. Volvo ló kọ́kọ́ gbé e sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní California, ní 1976. Ní 1979, Bosch àti BMW kó epo àti iná sábẹ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo nínú BMW 732i, Motronic ni wọ́n pè é. Nígbà tó fi máa di ọkọ̀ ọdún 1981, gbogbo ọkọ̀ oníbẹntiróòlù tí General Motors ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní kọ̀ǹpútà. Ohun kan wà tó pa wá lẹ́rìn-ín: láti 1967 ni Volkswagen ti ń ta ọkọ̀ 1600 tí iná mànàmáná ń wọn epo rẹ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí Ọ̀jọ́, ìjàpá oníkábúrétọ̀ ni wọ́n sì gbé fún wa. A ò fi ṣe ẹ̀sùn o. Nígbà yẹn, ìjàpá náà ló sàn fún wa.

Ọpọlọ ì bá má tètè dé ọ̀dọ̀ wa, bí kì í bá ṣe pé owó wa já wálẹ̀. Ní 1986, ìjọba Babangida gbé ètò SAP kalẹ̀, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Ẹni tó ti ń ronú láti ra 504 tuntun rí i pé agbára òun ò ká a mọ́. Ọ̀nà tó ṣẹ́ kù ni ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó ti lò kù. Ẹ̀dè wa ti ní orúkọ nílẹ̀ fún un: Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí wọ́n gbé wálé. Ọmọ náà dé lóòótọ́. Ó gba Apápá dé, ó gba Kútọnu àti Sẹ̀mẹ̀ dé. Nígbà tí ìjọba fi òfin de gbígbé ọkọ̀ gba ojú ilẹ̀ wọlé láti oṣù kìíní 2017, gbogbo wa mọ̀ pé kò tíì tán síbẹ̀.

Àwọn tòkunbọ̀ yìí ló gbé ọpọlọ wọ ṣọ́ọ̀bù tí etí àti imú ti jẹ́ ọba. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹni tó bá dàgbà ní Èkó láàárín 1990 sí 2000 rí i. Àwọn mẹkáníìkì kan tú nọ́sùlù àti kọ̀ǹpútà dà nù, wọ́n so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì tí kò bá a tan. Iná check engine tó ń pọ́n lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, àwọn kan yọ gílóòbù rẹ̀. Àwọn kan fi téèpù dúdú bò ó. A ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa ò lè bá wọn ṣe é, nítorí pé tí wọ́n bá gbé ètò kọ̀ǹpútà kan fún wa láìsí kóòdù, láìsí ìwé, láìsí ẹni tó kọ ọ́ nítòsí, tí oníbàárà sì dúró lé wa lórí pé ọkọ̀ òun gbọ́dọ̀ rìn lónìí, ó ṣeé ṣe kí àwa náà yọ gílóòbù.

Nígbà yẹn ni ọlá rewáyà pọ̀ sí i. Rewáyà ni a ń pe oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ẹni tó jẹ́ pé iná iwájú, fèrè àti bátìrì ni iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí mẹkáníìkì máa ń ránṣẹ́ pè bí ẹni pe ọmọ ẹ̀yìn. Bí ọpọlọ ṣe dé, ó di pé ọ̀gá mẹkáníìkì ń dúró kí rewáyà sọ̀rọ̀ kó tó tú ẹ́ńjìnnì.

Ìrànlọ́wọ́ kan wá láti California lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n rí i níbẹ̀ pé ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà lè bàjẹ́ kó máa tú májèlé láìjẹ́ pé ẹni tó ń wà á mọ̀, wọ́n bá pàṣẹ pé kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ lè ké gbàjarè fúnra rẹ̀. Nígbà tó di 1996, gbogbo ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní ihò kan náà, olójú 16, nítòsí ẹsẹ̀ awakọ̀, kí wọ́n sì máa sọ èdè kan náà. Ẹ kì í bọ ẹ̀rọ scan sínú rẹ̀, á gbé nọ́ńbà jáde: P0335, wáyà sẹ́ńsọ̀ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì ní ìṣòro; P0606, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló fura sí ara rẹ̀. Nítorí afẹ́fẹ́ àwọn ará California ni wọ́n ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n ó bá tòkunbọ̀ dé Èkó lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì di ojú fún àwọn rewáyà wa. Lónìí, ọmọ iṣẹ́ tó ní fóònù àti ẹ̀rọ kékeré kan tó ṣeé ki bọ àpò lè ka nọ́ńbà wọ̀nyí.

Àmọ́ ẹlẹ́rìí ni nọ́ńbà, kì í ṣe adájọ́. Ibi tí àwa ti jìyà nìyẹn. Nọ́ńbà tí scan gbé jáde lára ọkọ̀ wa ń tọ́ka sí kọ̀ǹpútà, a bá lọ sí Ládípò, a ra brain box àlòkù ní owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé wa fún oṣù mẹ́rin. A fara balẹ̀ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé ó bá tiwa mu délẹ̀délẹ̀, nítorí àpótí méjì lè jọra bí ìbejì kí ètò inú wọn má bára mu. Nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, ọkọ̀ kò tilẹ̀ dáhùn. Kọ́kọ́rọ́ wa ní ṣíìpù kékeré kan nínú tí ọpọlọ àtijọ́ mọ̀, tí ọpọlọ tuntun kò mọ̀ rí. Olè ló kà wá sí. Ọmọkùnrin kan wá pẹ̀lú laptop, ó ṣí àpótí méjèèjì, ó da ohun tó wà nínú ìrántí èkíní kọ sínú èkejì. Bóyá ló lo ìṣẹ́jú ogún. Àwa tá a ní ìwé ẹ̀rí lórí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà dúró tì í, a ń gbé tọ́ọ̀ṣì fún un.

Ọkọ̀ rìn fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún òjò rọ̀, ó tún kú.

Bàbá kan ní Ayọ̀bọ̀ ló bá wa rí i níkẹyìn, rewáyà tó ti dàgbà. Kò kọ́kọ́ béèrè fún scan. Ó ní, "Ṣé ìgbà tí òjò bá rọ̀ nìkan ni?" A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Ó fi ẹsẹ̀ mítà kan sí orí bátìrì níbi tí àmì ìyọkúrò wà, ó fi èkejì sí ara àpótí, ó ní ká yí kọ́kọ́rọ́. Ó yẹ kí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ti wa lé ní ìdajì fóòtì. Ó gbé bátìrì kúrò, ó na ìka sí bóòtù kan nísàlẹ̀ rẹ̀: wáyà ẹ́ẹ̀tì tí ọpọlọ fi dúró lórí irin ọkọ̀ ti dípẹtà. Bí omi bá ti kan án, ọpọlọ ò ní ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Sáńpépà ló fi nù ún, ó fún bóòtù náà le, ó gba owó kékeré lọ́wọ́ wa. Ó ní, "Ẹ̀yin ará kọ̀ǹpútà, ẹ máa ń rò pé inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo nǹkan wà." Orí fíríìjì ni brain box wa àtijọ́ wà títí di òní. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

Ohun tó mú wa jókòó kọ ìtàn yìí ni pé, nígbà mìíràn, ọpọlọ náà ló bàjẹ́ lóòótọ́, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì mọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, Toyota kéde ní Amẹ́ríkà àti Kánádà pé kí wọ́n dá Corolla àti Matrix kan padà wá fún àtúnṣe, ọkọ̀ ọdún 2005 sí 2008. Ní Amẹ́ríkà nìkan, wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan. Brain box ni ẹ̀sùn náà. Ibi tí òjé ti so irin mọ́ pátákó inú rẹ̀, tàbí èròjà kékeré kan níbẹ̀, lè sán. Bó bá sán, ọkọ̀ lè kọ̀ láti dáhùn, jíà lè máa wọlé pẹ̀lú agbára, ẹ́ńjìnnì sì lè kú lórí ìrìn. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀ àpótí náà lọ́fẹ̀ẹ́. General Motors náà kó Pontiac Vibe, tó jẹ́ ìbátan Matrix, sínú rẹ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni ọkọ̀.

Ẹ wò ó bí lẹ́tà irú ìyẹn ṣe ń rìn. Orúkọ tó wà nínú ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Ẹni tó ra ọkọ̀ náà ní tuntun lè ti tà á. Ó lè ti fi gbá igi, kí wọ́n ti tà á níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ta gbàǹjo, kó ti wọ kọ̀ǹténà. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò nínú ìwé wọn, kò sí ẹni tí lẹ́tà máa bá. Gbogbo ayé sì mọ iye ọkọ̀ tó ń rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀: àjọ UNEP sọ nínú ìròyìn wọn ti 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n kó jáde lọ tà kárí ayé, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Corolla irú ìgbà yẹn kún títì Alímọ̀ṣọ́ fọ́fọ́. Ilé iṣẹ́ tó wà ní Fremont ní California, níbi tí wọ́n ti to púpọ̀ nínú wọn, ti kógbá wọlé ní oṣù kẹrin 2010, kí ìkéde yẹn tó jáde pàápàá. Tesla ló wà níbẹ̀ báyìí.

Nígbà tí etí àti imú ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ń gbé ìmọ̀ rẹ̀ lé ara. Nígbà tí ọpọlọ dé, ìmọ̀ náà pín sí méjì: irin wọ ọkọ̀ ojú omi, ìwé jókòó sílé. Rewáyà tó bá rí Corolla 2006 tó ń kú lórí ìrìn ní Ayọ̀bọ̀ ní 2012, ó ní láti fúnra rẹ̀ rí ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ní 2010. Àwọn kan rí i. Wọ́n ń ṣí àpótí, wọ́n ń yọ́ òjé tuntun sí ojú ibi tó sán, láìmọ̀ pé ẹnì kan níbòmíràn ń gba àpótí tuntun lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ọ̀ràn kan náà.

Láti oṣù kẹjọ 2014, àjọ NHTSA tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ti gbé ojúlé kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè tẹ nọ́ńbà ṣáásì, kó mọ̀ bóyá àtúnṣe kan wà tí wọn kò tíì ṣe fún ọkọ̀ náà. Kò bi èèyàn pé ibo ló wà. Ìdíwọ̀n kan wà níbẹ̀: ọdún 15 sẹ́yìn nìkan ni wọ́n ṣèlérí láti fi hàn, ọ̀ràn 2010 sì ti ń gba ẹnu ìlẹ̀kùn jáde nìyẹn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ṣì wà. Nọ́ńbà náà jẹ́ àmì 17, a máa ń rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá òsì fún ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Kò ní lẹ́tà I, O tàbí Q nínú, kí wọ́n má bàa ṣì í kà. Bó bá fi 1, 4 tàbí 5 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó. Kánádà ló ni 2, Japan ló ni J.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, a gbé laptop lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rewáyà. Ó ti sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé àwọn ọmọ òun kan ń bọ̀ wá yẹ nọ́ńbà wò. Ohun tá a rí lára ọkọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni náà la sọ fún. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ìpájà jókòó ti ọkọ̀ rẹ̀, ó ń gbọ́ bá a ṣe ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ lẹ́tà fún bàbá.

"Ta ni wọ́n wá kọ ọ́ sí?"

"Ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ ni, Mà. Lọ́hùn-ún."

"Èmi ni mo ni í báyìí."

Ó dìde, ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku kúrò lójú gíláàsì, ó tẹ̀ síwájú kó lè ríran dáadáa. Ó ní, "Ó dáa, ẹ máa kọ ọ́. Mẹ́rin ló fi bẹ̀rẹ̀."